Ẹni Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú: Ìrírí Mi Nídìí Owó Ìjọba

Nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo rí tí wọ́n dèrò ilé ẹjọ́ nítorí owó, n kò rántí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ fún wa pé òun jalè. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn yá owó náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun gan-an ló jẹ́ kí ó léwu. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo fi ṣe ibùgbé, iṣẹ́ ìṣírò owó ni mo sì ṣe lábẹ́ ilé ìṣúra ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Trésor, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fún ìgbà pípẹ́ nínú iṣẹ́ náà, mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń rán lọ yẹ àpótí owó wò lọ́dọ̀ àwọn agbowó ìjọba, láti Àjàṣẹ́ títí dé Sakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan níbí, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọmọ àti ẹbí tí wọ́n ṣì ń gbé láàárín wa, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí tọ́ sí kíkọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín agbára lórí owó ìjọba. Nínú ètò tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, ẹni tó ń pàṣẹ pé kí a náwó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ kan owó. Ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, olùṣírò owó ló ń san án. Olùṣírò owó kì í sì í ṣe ẹni tó kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà wà nínú ètò ìsúná, bóyá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ sanwó rẹ̀ ti parí lóòótọ́, àti bóyá ẹni tó nawọ́ ni owó tọ́ sí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì kù, kíkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, yóò búra, yóò sì fi owó ìdúró sílẹ̀ bí ìdógò. Ìdí nìyí tí òfin fi gbé gbèsè àìpé owó lé òun fúnra rẹ̀ lórí: bí owó bá dín nínú àpótí, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi, yálà òun ló ná an tàbí ẹlòmíràn, àfi bí ó bá lè fi hàn pé ohun tó ju agbára òun lọ ló ṣẹlẹ̀, bí àpẹẹrẹ tí àwọn adigunjalè bá já wọlé.

Ibi tí ọ̀wọ̀ bá ti wọ inú iṣẹ́ ni ètò yìí ti máa ń fọ́. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí àgbà bá ránni níṣẹ́, a kì í bi í ní ìdí, ìwà rere sì ni èyí nínú ilé, ṣùgbọ́n nídìí àpótí owó, ẹ̀wọ̀n ló ń fà. Mo rántí ìyẹ̀wò kan tí a dé ibẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ní kí agbowó náà ṣí àpótí fúnra rẹ̀, kí ó sì ka owó lójú wa, nítorí pé ayẹ̀wéwò tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú owó tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó ń fa wàhálà sí ara rẹ̀ lọ́rùn ni. Ó tú ìdì 10,000 sẹ́fà, ó tú ti 5,000, ó ka ẹyọ wẹ́wẹ́ dé orí 25 sẹ́fà. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, àpòòwé kan wà tí kò fẹ́ ṣí. Nígbà tó wá ṣí i, àwọn ìwé pélébé ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, iye owó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ìfọwọ́sí kúkúrú kan tí gbogbo ọ́fíìsì mọ ẹni tó ni ín. Òmíràn sọ pé owó ìsìnkú ni, òmíràn ní epo ọkọ̀, òmíràn kò sọ nǹkan kan. Agbowó náà wò mí, ó ní:

"Tàǹtí, ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá pé n kò fún wọn ni?"

Mo mọ ọwọ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìnáwó, a kò sì lè kọ nǹkan mìíràn sínú àkọsílẹ̀ wa ju pé owó dín, iye tó dín sì nìyí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn olùṣèwádìí, ọ̀gá ní òun kò rántí ìwé kankan, pé ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ló fara wé ìfọwọ́sí òun. Wọ́n pe òun náà lẹ́jọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, nítorí pé òfin mọ ẹni tó ń ti ẹlòmíràn sídìí ìwà ọ̀daràn. Síbẹ̀, agbowó ló kọ́kọ́ sun àtìmọ́lé, òun ni wọ́n dá owó oṣù rẹ̀ dúró, òun náà ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé gbèsè. Bí ó bá ti ní kí ọ̀gá kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé tó ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ ni, ọ̀gá ìbá ti yí ọkàn padà lójú ẹsẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ọ̀gá tó ń fi ẹnu béèrè owó kì í fẹ́ fi ìwé béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí owó ń gbà sá lọ jẹ́ ti ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Agbowó ọjà máa ń ní ìwé rìsíìtì tó ní ẹ̀dà, ojú kan fún ẹni tó san owó, ojú kejì láti dúró sínú ìwé. Bí ó bá ti mú ìwé dúdú tó ń tẹ ẹ̀dà kúrò láàárín méjèèjì, ó lè kọ 25,000 fún olówó, kí ó sì kọ 5,000 sí ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù. Bí a bá jókòó sí ọ́fíìsì, gbogbo ìwé yóò bá ara wọn mu, owó inú àpótí yóò pé, a ó sì kí i pé ó ṣe iṣẹ́ dáadáa. Ọ̀nà kan péré ni a fi lè mọ̀, òun ni pé kí a rìn lọ bá àwọn tó san owó. Nínú ọjà kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì da rìsíìtì inú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ti so wọ́n lọ́dọọdún pẹ̀lú rọ́bà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n. Kò mọ̀wé. Ó ní ọkọ òun tó ti di olóògbé ló sọ fún òun pé ìwé ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Inú agolo yẹn ni ẹ̀sùn náà ti fìdí múlẹ̀, nítorí pé ìfọwọ́kọ kan náà ló wà lórí rìsíìtì rẹ̀ àti lórí ẹ̀dà tiwa, nọ́ńbà wọn sì dọ́gba, iye nìkan ni kò bá ara mu. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé kí ni aráàlú lásán lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ìkówójẹ. Ìyá aláṣọ yẹn ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Èyí tó ṣòro jù láti rí ni ti ẹni tó ń yá owó nítòótọ́. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un fọwọ́ kan owó ìjọba, nígbà tí owó oṣù falẹ̀. Nígbà tí owó oṣù dé, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Ẹ̀rù tó yẹ kí ó bà á kò bà á. Ohun tó kọ́ ni pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tó tún yá òmíràn, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì rí gbogbo rẹ̀ dá padà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tó gbà lónìí dí ihò àná, ó sì ń fi tọ̀la dí tòní. Iṣẹ́ ńlá ni irú ayé bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí pé ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jókòó sí àyè rẹ̀ ni ihò náà yóò hàn. Kò gba ìsinmi ọdọọdún. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ó ń wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ òṣìṣẹ́ aláápọn, wọ́n tilẹ̀ yìn ín nígbangba. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi kọ́ mi ni pé agbowó tó bá kọ ìsinmi sílẹ̀ lọ́dún dé ọdún ni kí a kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tó máa ń pẹ́ dé. Ibà ló tú àṣírí tirẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ẹni tó dípò rẹ̀ kò sì rí owó tí ìwé sọ pé ó wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, òfin ló kù. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ nínú ẹ̀ka 37 pé ohun ìní ìjọba jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lójú, pé gbogbo ọmọ Benin gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, àti pé òfin yóò fìyà jẹ ẹni tó bá kó o jẹ tàbí tó bá fi í sọ ara rẹ̀ di ọlọ́rọ̀ lọ́nà àìtọ́. Òfin nọ́ńbà 2011-20 ti oṣù Kẹwàá ọdún 2011 wá dá lórí ìwà ìbàjẹ́ àti àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tan mọ́ ọn, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tuntun sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Nínú ọdún 2018 kan náà ni wọ́n dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà, èyí tí a ń pè ní CRIET, Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Àtúnṣe òfin ọdún 2020 ló fi ẹ̀ka ìyẹn sí i. Àwọn kan ń sọ pé ilé ẹjọ́ náà máa ń tètè rí ẹni tí kò sí lẹ́yìn ìjọba ju ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. N kò lè sọ pé ẹ̀rù wọn kò nídìí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí agbowó tí ẹ̀sùn yẹn yọ nínú wàhálà nígbà tí ìṣírò owó rẹ̀ kò pé.

Ìyà rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀wọ̀n wà, ọdún rẹ̀ sì ń gùn bí owó bá ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2020, CRIET dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún ẹni tó ti ṣe mínísítà ètò ìsúná rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kò sí nílé. Owó ìtanràn wà, owó tí wọ́n kó sì gbọ́dọ̀ padà. Adájọ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé ilé tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi owó náà rà, ó sì lè ní kí ẹni náà má ṣiṣẹ́ ìjọba mọ́, kí ó má sì dìbò. Lọ́tọ̀ sí èyí, ilé-iṣẹ́ tó gbà á lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́tọ̀ sí èyí náà, ẹjọ́ ìṣírò owó wà, tí ó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ tí à ń pè ní Cour des comptes, tí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2019 dá sílẹ̀, ló ń gbọ́ ọ báyìí: kò béèrè bóyá o jalè, iye tó kù lọ́rùn rẹ ló fẹ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹnì kan lè ṣẹ̀wọ̀n tán, kí ó jáde, kí gbèsè Trésor sì tún dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá mi nílé ní Àjàṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ kan. Ó gbé àpò kan kalẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ ilé ọba. A ti ta ilẹ̀ ọ̀pẹ wa, owó náà rèé. Bá wa kó o fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wa máa bọ̀ nílé."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ní: "Bàbá, ẹ má bínú, n kò ní fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé n kò káàánú yín. Ẹ kó o lọ sí Trésor fúnra yín, kí wọ́n kà á lójú yín, kí ẹ gba rìsíìtì, kí agbẹjọ́rò yín sì gbé rìsíìtì náà síwájú adájọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kó o wá fún òun kí òun lè bá yín bá wọn sọ̀rọ̀, olè kejì ni."

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo ṣe agídí. Ẹnì kan ti wá bá wọn ṣáájú, tó ń béèrè ìdajì owó yẹn láti fi bẹ àwọn kan. Wọ́n san án sí Trésor nígbẹ̀yìn, adájọ́ sì wo rìsíìtì náà, ó sọ fún wọn pé dídá owó padà lè dín ìyà kù, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀sùn rẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kó owó náà ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀ tán. Ọmọ náà lọ sẹ́wọ̀n. Àbúrò ọmọ náà, tó fi alùpùpù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un ń gbé èrò, rí i tí àwọn ọlọ́pàá wá gbé alùpùpù náà lọ, wọ́n sì bi òun pàápàá bóyá ó mọ orísun owó rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba ohun tí a fi owó olè rà, òun náà ti wọ inú ẹ̀sùn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ẹjọ́ náà ni iye àwọn tí wọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ìnáwó àdúgbò tí wọn kò gbé ìwé rẹ̀ wá fún un: aṣọ ẹbí, màlúù ìsìnkú, owó ẹgbẹ́. Wọ́n máa ń sọ fún un pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Owó oṣù rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó lè ṣe ìṣírò kékeré tí kò ní mọ̀ pé ohun tó ń ná ti kọjá ohun tó ń gbà. Èmi kò gbà pé àwa aráàlú kò mọ̀. A mọ̀, a kò fẹ́ mọ̀ ni.

Ti àwọn ẹni ńlá kò rí bákan náà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó má baà dà bí ẹni pé agbowó ọjà nìkan ló ń jalè ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2004, ọ̀pọ̀ adájọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ àti àwọn olùṣírò owó, ni wọ́n dá lẹ́bi nítorí owó ìnáwó ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi ìwé èké gbà. Ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Netherlands dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí nǹkan bí mílíọ̀nù 4 yúrò, ìyẹn bílíọ̀nù sẹ́fà méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀, tó yẹ kí ó di omi mímu fún àwọn abúlé kò ṣeé tọ́ka sí. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kíka owó inú àpótí kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí pé ìwé ibẹ̀ pé pérépéré: iṣẹ́ àkànṣe wà, ìfọwọ́sí wà, òǹtẹ̀ wà, kànga nìkan ni kò sí. Ayẹ̀wéwò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ síbi tí kànga yẹ kí ó wà. Sísan owó lórí fóònù, tó ti gbòde báyìí, ti pa ọgbọ́n ìwé dúdú run ní ọ̀pọ̀ ibi, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n fóònù kò lè mọ̀ bóyá wọ́n gbẹ́ kànga.

Kì í sì í ṣe gbogbo owó tó dín ni wọ́n jí. Ọwọ́ máa ń ṣì ka owó, pàápàá ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Ohun tó ń ya ẹni tó ṣèèṣì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kówó jẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i, ni ohun tó ṣe ní wákàtí tó mọ̀ pé owó kò pé. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, tó pe ọ̀gá, tó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀, lè san gbèsè, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni pè é ní olè. Ẹni tó sùn lé e di ọ̀sẹ̀ kejì ti ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sídìí owó níbi iṣẹ́ ìjọba kan. Ó gbé ìwé ìgbaṣẹ́ wá fún mi kí n bá a wò ó. Ìwé náà sọ pé ó ti gba àpótí, owó inú rẹ̀ àti gbogbo ìwé rìsíìtì tí wọn kò tíì lò, ṣùgbọ́n kò kọ nọ́ńbà ìwé rìsíìtì kankan. Mo ní kí ó padà lọ, kí ó ka wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ìwé kọ̀ọ̀kan wọ inú àkọsílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni wọn kò rí. Ẹni tó ń lọ ní kí ó kàn fọwọ́ sí i, pé àwọn yóò wá wọn bó bá yá, ọ̀gá náà sì ti ń sọ pé ọmọdé yìí le jù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì fọwọ́ sí i.